Ọ̀rẹ́ mi ní kí n san owó ọ̀pá àgọ́ tó kán lórí òkè. Ṣé kí n san án?

Arìnkiri:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ gun òkè kan tí igbó kìjikìji bò láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ọjọ́ mẹ́rin, òru mẹ́ta. Inú igbó la ń sùn, kò sí ilé kankan lọ́nà. Òun ló mú àbá wá. Òun ló ni àgọ́. Orí fóònù tiẹ̀ ni máàpù wà, kò sí lórí tèmi. Èmi ni mo gbé ìkòkò, sítóòfù àti gbogbo ohun tá a máa jẹ, ìyẹn ni pé ẹrù tèmi ló wúwo jù lọ́jọ́ kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní ló ti ń sáré. Bí mo bá fi máa dé ibi tó jókòó dè mí sí, á ti dìde, á ní "ó yá, ká máa lọ." Òun ti sinmi, èmi ò tíì mí. Bàtà mi tuntun ni, ó sì ti bó mi ní gìgísẹ̀ méjèèjì kó tó di ọ̀sán. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé òun ò kúkú ti sọ pé kí n má wọ bàtà tuntun wá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀rẹ́!

Òru kìíní, òjò. Àgọ́ tó ní omi ò lè wọ̀ yẹn, omi wọ̀ ọ́, apá ọ̀dọ̀ mi ló sì ń jò. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ mi dí ojú rírán tó ń jò, nígbà tílẹ̀ máa mọ́, mi ò ní ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kankan mọ́. Ọjọ́ kejì, eṣúṣú. Mo ka mọ́kànlélógún lára ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta la dé odò kan, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó fi mí sílẹ̀ létí odò, ó bá tiẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pá àgọ́ ti kán. Aṣọ àgọ́ la kàn fi bora lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó wá ránṣẹ́ sí mi lánàá pé kí n san owó ọ̀pá. Èmi! Èmi tí ara mi ò tíì bọ̀ sípò títí di òní. Ó tún ń sọ̀rọ̀ òkè mìíràn tá a máa gùn. Ṣé kí n san án? Ṣé kí n bá a lọ?

Túndé Arìnjìnnà:
Ẹ̀gbọ́n, ta ló kán ọ̀pá náà? Ẹ sọ ti bàtà, ẹ sọ ti ìbọ̀sẹ̀, ẹ ka eṣúṣú fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sọ ẹni tó kán ọ̀pá.

Ìyá Ìbejì:
Má san kọ́bọ̀! Irú ọ̀rẹ́ báyìí, mo mọ̀ wọ́n. Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí èmi náà. A pa àgọ́ sí etí odò kékeré kan torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó sì rọ̀. Mo ní ibẹ̀ ò dáa, ó ní kí n má ṣe ojo. Òjò ò kàn wá rárá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, orí òkè lọ́hùn-ún ló ti rọ̀. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ nǹkan tó ń hó bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń bọ̀ lókèèrè. Bí mo ṣe na ọwọ́ síta, omi. Bàtà mi ti ń lọ. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo wé aṣọ mọ́ ọn. Títí di òní, kò tíì bẹ̀ mí.

Eṣúṣú yẹn ńkọ́? Iyọ̀ ni kó o máa dà sí i, wàá rí i bó ṣe máa já bọ́.

Ọmọ Ọdẹ:
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iyọ̀ kọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá da iyọ̀ sí i tàbí tẹ́ ẹ fi iná sí i, á bi ohun tó wà nínú rẹ̀ sójú egbò yẹn kó tó já. Èékánná ni. Ẹ fi èékánná rìn sábẹ́ ẹnu rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, á tú, ẹ wá fi ìka ta á nù. Ẹ̀jẹ̀ á máa sun díẹ̀díẹ̀, torí ohun tó fi sínú ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè dì. Ẹ fọ ibẹ̀, ẹ dì í, ó parí.

Arìnkiri, ẹ̀bi ti ẹ̀yin méjèèjì ni. Bàtà tuntun lọ sí òkè ọlọ́jọ́ mẹ́rin? Máàpù kan ṣoṣo, lórí fóònù ẹnì kan ṣoṣo? Tí fóònù yẹn bá já sómi ńkọ́? Ẹni tó lọ́ra jù ló sì yẹ kó wà níwájú. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ Ọdẹ, ogún ọdún ni mo ti ń fi iyọ̀ sí i, kò sí egbò tó jẹrà lára mi rí.

Ọmọ Ọdẹ:
Orí yín ló bá yín ṣe é, mà. Kì í ṣe iyọ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Arìnkiri, ẹ ní ara yín ò tíì bọ̀ sípò. Báwo ló ṣe ń ṣe yín? Ọjọ́ wo lẹ padà dé?

Arìnkiri:
Ọmọ Ọdẹ, mi ò mọ̀ pé bàtà yẹn máa bó mi. Mo ti wọ̀ ọ́ káàkiri ilé fún ọjọ́ méjì. Ti fóònù, mo bi í, ó ní kò sí ìṣòro. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tí ojú mi rí.

Gbénró:
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lórí ọ̀rọ̀ eré sísá yìí. Àwọn agunkè ní ìṣirò kan tí William Naismith fi lélẹ̀ lọ́dún 1892: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tẹ́ ẹ bá gùn sókè. Ojú ọ̀nà tó mọ́ ló wà fún o. Nínú igbó olókè, tí gbòǹgbò igi àti ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ lè fi wákàtí kan rin kìlómítà kan péré, kẹ́ ẹ sì rò pé ẹ yára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìṣirò ojú ọ̀nà wọ igbó, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn níbi tí wọn ò rò. Àbí ohun tó ń lé ọ̀rẹ́ yín nìyẹn? Boyá ó ti rí i pé ẹ ò ní débi tẹ́ ẹ máa sùn kílẹ̀ tó ṣú.

Nípa àgọ́, èmi ò gbé e wọ irú igbó yẹn mọ́. Ibùsùn aláwọ̀n tí wọ́n ń so mọ́ igi méjì ni, pẹ̀lú tapólìn lókè rẹ̀. Ilẹ̀ ì báà tutù, ì báà dagẹ̀rẹ̀, kò kàn yín. Ẹ kàn gbójú sókè kẹ́ ẹ tó so ó. Ẹ̀ka gbígbẹ tó ṣe é já lù yín lóru burú ju òjò lọ.

Túndé Arìnjìnnà:
Ẹ̀yìn mi ò lè fara da ibùsùn aláwọ̀n yẹn. Òru kan péré ni mo sùn sínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn bí arúgbó. Àgọ́ ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi o: ta ló kán ọ̀pá?

Arìnkiri:
Ọ̀pá yẹn wà nínú báàgì tiẹ̀. Òun ló ju báàgì sílẹ̀ lórí àpáta. Kò sẹ́ni tó ní kó jù ú.

Túndé Arìnjìnnà:
Kí ló dé tó fi jù ú?

Ọmọ Ọdẹ:
Àlọ́ ti ń yọjú.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Arìnkiri, mo tún ń bi yín. Ìgbà wo lẹ dé, kí ló sì ń ṣe yín? Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀pá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Arìnkiri:
Àǹtí mi, ẹ má ṣèyọnu, ibà lásán ni. Ọjọ́ mọ́kànlá la ti dé. Ọjọ́ kẹrin rèé tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti lo oògùn ibà pé, ó lọ lánàá, ó tún padà lónìí. Otútù, ẹ̀fọ́rí. Rírìn náà ló fà á, torí ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ṣì ń dùn mí débi pé mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Túndé, ó jù ú torí pé ó fẹ́ wọ odò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ní kí n dúró létí odò, kí òun lọ wo apá òkè odò bóyá igi kan wó dábùú ibi tá a lè gbà kọjá. Ó pẹ́. Mo dúró títí, ó sú mi. Ibi tí mo wà, omi ò ju orúnkún lọ lójú. Mo wọ̀ ọ́.

Gbénró:
Ṣé ẹ tú ìgbànú báàgì yín kẹ́ ẹ tó wọ odò?

Arìnkiri:
Ìgbànú wo?

Gbénró:
Háà.

Ọmọ Ọdẹ:
Olúwa mi o. Ìgbànú tó so báàgì mọ́ yín níbàdí àti láyà! Ẹ gbọ́dọ̀ tú u ni, kó lè bọ́ lọ́rùn yín bí omi bá gbé yín ṣubú. Ẹ mú ọ̀pá gígùn dání, ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ máa yí ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé inú igbó mọ ìyẹn. Omi sì gbé yín, àbí?

Arìnkiri:
Ó gbé mi díẹ̀. Báàgì fà mí sẹ́yìn, mo mu omi, mi ò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Òun ló já báàgì tiẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ sínú omi, tó fi ọ̀bẹ gé okùn báàgì mi, tó wọ́ mi jáde. Ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní kò fi mí sílẹ̀ ni, ṣé màá wọ odò?

Túndé Arìnjìnnà:
Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bẹ́ somi nítorí yín lẹ ní ó fi yín sílẹ̀? Ẹ san owó ọ̀pá. Ẹ ra àgọ́ odidi fún un.

Ìyá Ìbejì:
Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ọmọ yìí, o ò ṣe é re rárá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ dákẹ́ ná, gbogbo yín. Arìnkiri, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Gìgísẹ̀ méjèèjì bó, ojú eṣúṣú mọ́kànlélógún lára ẹsẹ̀ kan, ẹ wá wọ odò igbó, ẹ tún mu omi rẹ̀. Ẹ lọ wo ojú yín nínú dígí. Ṣé ó pọ́n?

Arìnkiri:
Ó pọ́n. Mo rò pé àìsùn ni. Kò yún mi, kò sì sọ ìpin.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ilé ìwòsàn, lónìí yìí, kì í ṣe lọ́la. Mi ò lè ti ibi tí mo wà sọ àìsàn tó ń ṣe yín, ó sì lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ìyẹn náà. Àmọ́ àìsàn kan wà tó ń jẹ́ leptospirosis. Ìtọ̀ eku àti ti ẹranko mìíràn ló ń gbé e wọ inú omi àti ẹrẹ̀. Ó ń gba ojú egbò wọlé, ó ń gba ojú àti ẹnu náà. Láti ọjọ́ méjì sí ọgbọ̀n ọjọ́ ló lè fi ba lára kó tó yọjú, ó sábà máa ń tó ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́rìnlá. Ó jọ ibà débi pé oògùn ibà lèèyàn kọ́kọ́ máa ń sáré lò. Ó lè lọ bí ẹni pé ó tán, kó tún padà. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tí ò ṣe é fọwọ́ kàn àti ojú tó pọ́n tí ò sọ ìpin ló mú mi fura.

Lọ́dún 2000, wọ́n ṣe ìdíje kan nínú igbó Borneo ní Malaysia, eléré ìdárayá 304 ló kópa. Àwọn oníwàádìí rí 189 nínú wọn bá sọ̀rọ̀, 80 ló ti ní àmì àìsàn yìí, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sì dèrò ilé ìwòsàn. Odò Segama tí wọ́n wẹ̀ ni wọ́n rí i pé ó fà á. Àwọn tí ara wọn le ju tèmi tìyín lọ nìyẹn o.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn sọ pé "ibà ń ṣe mí." Ẹ sọ ti odò. Ẹ sọ ti egbò. Ẹ sọ iye ọjọ́. Dókítà tí ò bá gbọ́ nípa odò lè má ronú kàn án. Oògùn tó ń pa á wà, doxycycline wà lára wọn, ṣùgbọ́n ẹ má lọ rà á fúnra yín. Tó bá pẹ́, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń bá jà.

Ìyá Ìbejì:
Ó yá, dìde. Ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ?

Arìnkiri:
Àbúrò mi obìnrin. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ̀rù ti wá ń bà mí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Inú omi kan náà lòun náà bẹ́ sí.

Arìnkiri:
Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan la fi ń sọ̀rọ̀. Mi ò gbé ìpè rẹ̀ láti ọjọ́ tá a ti dé.

Ọmọ Ọdẹ:
Ẹ pè é. Nísinsìnyí.

Arìnkiri:
Mo pè é. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e. Ó ní láti ìjẹta ni kò ti lè dìde, pé oògùn ibà lòun ń fún un, pé ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ fún un. À ń yà gbé wọn báyìí, ilé wọn wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. Ó ní ṣé mo ti mú owó ọ̀pá òun dání.