Ìyá Àgbà Tí Kò Ní Ìwé Ìbí

Nígbà tí ìyá tí ó bí ìyá ìyá mi papò dà ní Abẹ́òkúta ní ọdún 2014, iye ọdún tí a ó tẹ̀ sára pósítà ni ó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní 120 ni, kò sì fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn kankan. Ó ti mọ́ wa lára nílẹ̀ wa: bí arúgbó bá ti pẹ́ láyé, ọjọ́ orí rẹ̀ a máa yára pọ̀ sí i lẹ́nu àwọn ọmọ ju bí ọdún ti ń yí lọ.

Èmi tí mo máa ń rín obì fún un nígbà tí kò ní eyín mọ́ mọ ohun tí ó sọ fún mi. Ó ní nígbà Ogun Adúbi, ìyẹn ní ọdún 1918 tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó orí, tí wọ́n sì hú irin ọ̀nà rélùwéè, òun ni ó pọn àbúrò rẹ̀ sá wọ oko, tí ìyá wọn sì ń fi ọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu kí àwọn sójà má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Lúkúlúkú, ìyẹn àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ìgbà náà, pa àbúrò náà. Ọmọdébìnrin tí ó lè pọn ọmọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì tó ilé ọkọ, kò lè ju bí ọmọ ọdún 10 lọ.

Ẹ̀rí kejì kò dùn ún sọ. Láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin tí ó bá ti pé ọdún 15 ti wà lára àwọn tí ń san owó orí, nígbà tí kò sì sí ìwé ìbí, àwọn agbowó-orí a máa bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọge láti wò ó bóyá wọ́n ti tó san. Wọ́n fẹ́ bọ́ ti ìyá ìyá mi lójúde wọn ní Ìtòkú. Ìyá àgbà, tí ó jẹ́ aláró, fa ọwọ́ yọ nínú ìkòkò aró, ó sì nu gbogbo rẹ̀ sára aṣọ funfun ọkùnrin náà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ní ọdún 1947, tí òun náà bá àwọn obìnrin tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí lọ sí ààfin Aláké. Bí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ bí ọdún 15 nígbà náà, tí ó sì ti lé díẹ̀ ní 20 ọdún kí ó tó bí i, a jẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ ti ń lọ sí 40. Ìṣirò méjèèjì pàdé ní nǹkan bí ọdún 1908, èyí tí ó jẹ́ kí ó kú lẹ́ni nǹkan bí ọdún 106.

Mo rán ẹ̀gbọ́n ìyá mi létí pé Jeanne Calment, ará Arles ní ilẹ̀ Faransé, tí a gbà pé ó pẹ́ láyé jù lọ, kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997 lẹ́ni ọdún 122, tòun ti ìwé ìbí ọdún 1875. Síbẹ̀ a rí àwọn ará Rọ́ṣíà tí wọ́n jáde ní ọdún 2018 pé ọmọ rẹ̀ ni ó gba orúkọ rẹ̀ jẹ́, bí àwọn onímọ̀ Faransé tilẹ̀ já wọn nírọ́. Ó ní kí ni ti Faransé nínú ọ̀rọ̀ ilé wa? (Nígbà tí mo tún gbé ti Rọ́ṣíà dìde lọ́dún 2018 yẹn, a ti sin òkú tipẹ́, ṣùgbọ́n a kò tíì yé jiyàn.)

Ohun tí a tẹ̀ sára pósítà níkẹyìn ni pé ó lé ní 100 ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba gbohùngbohùn níbi ìnáwó, 120 náà ni ó kéde, àwọn onílù sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ kí n tó dìde.