Omi kún ẹ̀dọ̀fóró mi lórí òkè, oògùn wo ni mo lè lò kí n tó padà lọ?

Arìnjìnnà: Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ẹni tí mo sì sọ ọ́ fún ni ó ń bá mi wí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń tọ́jú owó, tí mo sì ń jí sáré ní ìdájí, nítorí pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi tẹ orí Kilimanjaro, òkè tí ó ga tó 5,895 mítà. Àwa mẹ́jọ ni a jọ gbéra. Ikọ́ gbígbẹ ni ó kọ́kọ́ mú mi, amọ̀nà wa sì ní eruku ni. Nígbà tí ó di òru, n kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, àyà mi á máa dún bí omi tí ń hó nínú ìkòkò, itọ́ tí mo sì tu sínú aṣọ ìnujú ń hó bí ọṣẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Amọ̀nà yìí kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ó gbé mi sórí àkéte onítáyà kan tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, ó ní dandan ni kí n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ lọ sì ń fi fóònù ya fídíò mi. Àwọn méje yòókù dé orí òkè. Èmi nìkan ni n kò dé, ilé iṣẹ́ tí ó kó wa lọ kò sì dá ohunkóhun padà nínú owó mi. Ọjọ́ méjì ni mo fi gba ọ́síjìn ní ilé ìwòsàn, ara mi sì yá pátápátá. Mo fẹ́ padà lọ ní oṣù tí ń bọ̀. Oògùn wo ni kí n lò kí irú ìtìjú yìí má bàa tún bá mi?

Màmá Àgbà: Ọmọ mi, ẹni tí ó gba ẹ̀mí rẹ là ni o ń bínú sí yìí. Bí ó bá ní kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ta ni ìbá máa kọ̀wé sí wa lónìí? Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Agùnkè: Ó ṣe èmi náà rí. Ọkọ̀ òfurufú ni mo wọ̀ lọ sí ìlú La Paz ní Bolivia, tí ó wà ní nǹkan bí 3,600 mítà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lọ́jọ́ tí mo dé. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ níbi tí mo ti jókòó jẹ́ẹ́, ètè mi sì ti dà bí aró. Ẹ sáré jù ni. Tí ènìyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọ̀la kò yẹ kí ó fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tí ó sùn lónìí, kí ó sì sinmi fún ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ fi acetazolamide kún un, ẹ ó sì dé orí òkè.

Nọ́ọ̀sì Ọkàn: Ẹ jọ̀ọ́, acetazolamide dára fún orí fífọ́ àti èébì ibi gíga, ṣùgbọ́n omi inú ẹ̀dọ̀fóró ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ọ́síjìn bá dín kù, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró a máa súnkì, wọn kì í sì í súnkì bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tí kò rí àyè kọjá níhìn-ín yóò ya lu ọ̀hún pẹ̀lú agbára, títí tí ògiri iṣan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò fi máa jò sínú àpò afẹ́fẹ́. Nifedipine ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí ó ti ṣe rí kí ó tó tún gòkè, nítorí pé ó ń tú iṣan wọ̀nyí sílẹ̀. Arìnjìnnà, mítà mélòó ni ẹ wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀? Kí ni àwòrán X-ray fi hàn?

Arìnjìnnà: N kò sáré rárá. Kò sí ẹnìkan nínú àwa mẹ́jọ tí ó le tó mi. Mo lè sáré kìlómítà mẹ́wàá láìdúró. Ẹ̀rọ tí ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fi há mi níka, ka 68 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó wà níka ẹni tí ó ń ya fídíò sì ka 92. Ṣé nifedipine yẹn nìkan ti tó?

Agùnkè: Ara líle kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ara wọn le gan-an ni ó ń sáré gòkè. Èmi gbọ́ pé sildenafil náà ń ṣiṣẹ́.

Màmá Àgbà: Ṣé kì í ṣe oògùn tí àwọn ọkùnrin ń lò fún ọ̀rọ̀ iyàrá nìyẹn? Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìdánwò.

Nọ́ọ̀sì Ọkàn: Òun náà ni, Màmá. Ó ń tú iṣan ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀, àwọn dókítà sì ń fún ẹni tí ìfúnpá inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó rọ́pò sísọ̀kalẹ̀ nínú gbogbo wọn. Arìnjìnnà, ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè méjèèjì tí mo bi yín.

Arìnjìnnà: Ilé Mandara ni, ibùdó àkọ́kọ́, ní nǹkan bí 2,700 mítà, ní alẹ́ kejì tí a sùn níbẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí gan-an nìyẹn, n kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ti X-ray, dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún kéré ju ti òsì lọ. Kì í ṣe nǹkan tuntun, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, kò sì dí mi lọ́wọ́ rí.

Agùnkè: 2,700? Mo ti rò pé ẹ ti kọjá 4,000 ni. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Nọ́ọ̀sì Ọkàn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn kankan fún ìrìn àjò yẹn. Àwọn kan wà tí wọ́n bí láìsí iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kan, ẹ̀dọ̀fóró yẹn yóò sì kéré. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí méjèèjì pín ni ẹyọ kan ń gbà, nítorí náà kò dìgbà tí wọ́n bá gòkè púpọ̀ kí ó tó jò. Ní ọdún 1980, àwọn dókítà kọ ìròyìn àgbàlagbà mẹ́rin tí kò ní iṣan apá ọ̀tún, tí omi kún ẹ̀dọ̀fóró wọn láàárín 2,000 sí 2,750 mítà péré. N kò lè sọ láti ibí pé tiyín nìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà ọkàn fi ẹ̀rọ wo ọkàn yín, kí ó wo ìfúnpá iṣan ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n sì ya àwòrán CT tí wọ́n ń fún oògùn sínú iṣan kí wọ́n tó yà. Ẹ bi í léèrè nípa ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè dà bí ti ibi tí ó ga tó 2,400 mítà.

Màmá Àgbà: Ṣé o ti sanwó fún ti oṣù tí ń bọ̀ ni?

Arìnjìnnà: Mo ti san ìdajì, Màmá. Mo rántí báyìí pé àyà mi há nínú ọkọ̀ òfurufú tí ó gbé mi padà, mo sì rò pé ìbànújẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi tún sọ irú àwòrán CT yẹn, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó pe dókítà láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọkàn: Ẹ sọ pé àwòrán CT iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ sì mú X-ray náà dání, àti ti ìgbà ọmọdé bí ó bá ṣì wà nílé.