Ámúpù ọkọ̀ mi ń kùn bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, ó sì máa ń dákẹ́ lálẹ́

Ọmọ Kétu:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ nípa wáyà ọkọ̀. Peugeot 406 kan ni mo ń wà láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo ní kí wọ́n bá mi so ámúpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú kí ohùn rédíò lágbára sí i, àti sípíkà ńlá kan sí búùtù rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ohùn tín-ín-rín kan ti ń kùn nínú sípíkà bíi yànmùyánmú tó ń kọjá létí ẹni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i ni ohùn náà ń ròkè sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì tí mo fi rédíò sílẹ̀, n kò ní gbọ́ ọ mọ́.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé bí ilẹ̀ bá ṣú tí mo tan iná iwájú, pàápàá lójú ọ̀nà Pobè, tí orin sì lọ sókè díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣàdédé dákẹ́, á sì tún padà. Nígbà tí mo dúró tí mo ṣí búùtù wò, iná pupa kékeré ló ń tàn lára ámúpù dípò aláwọ̀ ewé. Oníwáyà tó so ó ní ó ti bàjẹ́, kí n mú 45,000 sẹ́fà wá kí òun fi ra òmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, àbí ohun kan wà tí mo lè yẹ̀ wò kí n tó náwó?

Oníwáyà Àjàṣẹ́:

Ẹ má tíì náwó kankan. Ohùn tó bá ń bá ẹ́ńjìnnì ròkè, ọ́táníétọ̀ ló ti ń wá: iná tí ẹ̀rọ yẹn ń pèsè kò tẹ́jú tán, ó máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ìsopọ̀ kan bá sì ti ní àléébù, gbígbọ̀n náà á ráyè wọ inú orin.

Ibi tí èmi kọ́kọ́ máa ń wò ni máàsì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà dúdú tó so ámúpù mọ́ irin ara ọkọ̀. Iná tó gba wáyà pupa wọlé gbọ́dọ̀ gba wáyà dúdú padà sí bátìrì. Bí ọ̀nà àbájáde yẹn bá dí, iná á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, ọ̀nà náà sì sábà máa ń jẹ́ irin tó bo okùn tín-ín-rín tó ń gbé orin wá láti inú rédíò. Ìyẹn kì í fa kíkùn nìkan, ó lè jó inú rédíò pàápàá. Bí ẹ bá ra ámúpù tuntun láì tún un ṣe, ètè lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹ wá mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti iná iwájú, kí ẹ gbé orin sókè, kí ẹ wá wọn bátìrì: ó yẹ kó wà láàrin fóòtì 13.8 sí 14.4. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ojú pupa àti ojú dúdú ámúpù. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti bátìrì bá ju ìdajì fóòtì lọ, iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ìyẹn ló sì lè máa mú ámúpù dákẹ́. Láti mọ apá ibi tó ti ń ṣòfò, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mítà kan fara kan ojú dúdú ámúpù, kí ìkejì fara kan ojú dúdú bátìrì. Wáyà mítà kò ní gùn tó, ẹ fi òmíràn fà á gùn. Ohun tó sún mọ́ òdo ló yẹ kó kọ.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n fíúsì, ohun tó máa ń jó láti gé iná bí iná bá pọ̀ jù, ni èmi fẹ́ béèrè. Ṣé ó wà lórí wáyà pupa nítòsí bátìrì, kí ó má ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ? Mo rí ọkọ̀ kan níbí tí wọ́n fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fíúsì tó ti jó. Ọjọ́ tí wáyà náà bó tó sì fara kan irin, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni èéfín ti kọ́kọ́ yọ.

Ẹ tún jẹ́ ká mọ̀ bóyá orí fóònù lẹ ti ń gbọ́ orin nígbà tí fóònù náà ń gba iná lára ọkọ̀. Bí okùn orin bá so ó mọ́ rédíò, tí okùn iná sì so ó mọ́ ihò sìgá, máàsì rẹ̀ ti di méjì nìyẹn, iná á sì máa yí po láàrin wọn. Òun náà máa ń kùn gẹ́lẹ́ bí ẹ ti ṣàlàyé.

Ọmọ Kétu:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Mo yá mítà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà, a sì jọ wọ̀n ọ́n lálẹ́. Bátìrì kọ 14.1, ẹnu ámúpù kọ 11.8. Láàrin ojú dúdú méjèèjì, 1.9 ni, ó sì ń fò sókè sódò bí ìlù bá ṣe ń dún. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù, orí ọ̀dà ni wọ́n de máàsì mọ́, bóòtù rẹ̀ ti dógùn-ún, eruku pupa sì ti kún abẹ́ rẹ̀. A kọ́kọ́ yọ bátìrì, a fi sáńdípépà ha ọ̀dà náà títí irin fi dán, a gé wáyà náà kúrú, a dè é le, a fi gírísì bò ó. 0.1 ló ń kọ báyìí, mo sì gbé orin sókè láti Kétu dé Pobè lóru, kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Kíkùn náà dín kù gan-an, àmọ́ kò tán. Mo wá yọ fóònù kúrò lórí iná, ó dákẹ́ pátápátá. Mo tún kì í bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ní ti fíúsì, ojú ń tì mí láti sọ pé kò sí rárá, orí bátìrì ni wáyà pupa ti lọ tààrà. Ti áńpíà mélòó ni kí n rà?

Oníwáyà Àjàṣẹ́:

Ẹ wo ara ámúpù. Bí fíúsì áńpíà 30 méjì bá wà níbẹ̀, 60 ni ẹ máa rà, bí wáyà pupa bá nípọn tó láti gbé e. Bí wáyà bá tín-ín-rín, wáyà ni ẹ máa pààrọ̀. Ní ti fóònù, ẹ gba iná sí i nílé kí ẹ tó gbéra. Títí ẹ ó fi ra fíúsì náà, ẹ yọ wáyà pupa yẹn kúrò lórí bátìrì, kí ẹ fi téèpù wé ẹnu rẹ̀.