Wọ́n ní kí ọmọ mi dúró sílé, kí ni mo lè ṣe?

Ọmọ Òkè-Àdó (Leeds)
Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Oṣù kẹjọ rèé tá a dé, físà iṣẹ́ baba àwọn ọmọ la fi wọlé. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó ní autism, ìyẹn pé ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ àmọ́ kò sí ohun tá a sọ tí kò gbọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ilé ìwé ti ń pè mí ní aago mọ́kànlá àárọ̀ pé kí n wá mú un, pé ariwo ń dà á láàmú, ní báyìí wọ́n ti wá ní kó kúkú dúró sílé títí wọ́n á fi rí ẹni tó máa jókòó tì í. Kò sí lẹ́tà o, ẹnu lásán ni. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ tó máa ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì (Manchester)
Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Irú ẹ̀ ṣe Kẹ́hìndé mi náà. Ẹnu lásán tí wọ́n ń fi bá ẹ sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà. Ní England níbí, òfin ò gba ilé ìwé láyè kó máa dá ọmọ padà sílé láìkọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn dá a dúró, kódà kí òbí ti sọ pé kò burú. Lálẹ́ òní, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé, má bá wọn jà o, ṣáà bi wọ́n pé ṣé ẹ dá ọmọ mi dúró ni, láti ọjọ́ wo dọjọ́ wo, ẹ fi lẹ́tà ẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti pè ẹ́, kọ ọjọ́ àti aago ẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn kọ sí kánsù. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1996, abala 19, sọ pé ọmọ tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ilé ìwé tí kò lè lọ, ì báà jẹ́ àìsàn, ì báà jẹ́ pé wọ́n lé e, ì báà jẹ́ nǹkan míì, kánsù ló gbọ́dọ̀ wá ẹ̀kọ́ tó bá a mu fún un. Kó o sì béèrè fún EHC plan, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbà, tí òfin wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n á ní ilé ìwé ló ń béèrè fún un, má gbà, ìyá ọmọ lè béèrè fúnra ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 6 láti sọ bóyá àwọn máa yẹ ọmọ wò, tí wọ́n bá gbà, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ 20. Wọ́n máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ o, tèmi lé lọ́dún kan. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, mo pẹjọ́ sí tribunal, n ò gba lọ́yà, àwọn SENDIASS ti kánsù wa, ìyẹn àwọn tó ń gba òbí nímọ̀ràn lórí ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nílé ìwé, ló bá mi to ìwé, ọ̀fẹ́ ni. IPSEA, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gba òbí nímọ̀ràn lórí òfin yìí, náà ní lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ọmọ ẹ lo máa fi sí i.

Bọ̀dá Mọ́kọ́lá (London)
Ọ̀rọ̀ owó ni tèmi. Ẹ wo físà yín, tí wọ́n bá kọ "no public funds" síbẹ̀, ìyẹn pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba, ẹ má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù DLA (owó ọmọ tó ní àìlera) tàbí Carer's Allowance (owó ẹni tó ń tọ́jú aláìlera) nítorí pé ọ̀rẹ́ kan ní òun gbà á, ó lè ba ìwé yín jẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ òfin físà. Àmọ́ ilé ìwé àti EHC plan ò sí nínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi físà dẹ́rù bà yín lórí ìyẹn.

Àti pé EHC plan yẹn lè wà títí ọmọ á fi pé ọmọ ọdún 25. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 ti jókòó sílé ọdún kan gbáko kí n tó mọ̀. Supported internship, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́ gan-an, ló ń ṣe báyìí nílé ìwòsàn kan, wọn ò sanwó fún un, àmọ́ ẹnì kan wà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì ti ń dá wọ bọ́ọ̀sì.

Ọmọ Òkè-Àdó (Leeds)
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ kan ní ká má sọ Yorùbá sí i mọ́, pé Yorùbá náà ló ń dà á lórí rú.

Ìyá Ìbejì (Manchester)
Rárá o! Èdè méjì kì í ṣe ọmọ tó ní autism ní jàǹbá, àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ló sọ fún mi. Èmi náà ti pa á tì nígbà kan, Kẹ́hìndé ò wá lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ Bódìjà (Ìbàdàn)
Ilé lèmi wà o. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ náà ní káàdì ní ilé ìwòsàn UCH? Èsì àyẹ̀wò ẹ̀ àti ìwé tí olùkọ́ ẹ̀ níbí kọ máa wúlò fún kánsù yẹn. Ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ ní kí n gbà á, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ fi fọ́tò páálí ìdánimọ̀ yín kún un, màá bá yín lọ. Níbí náà, òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá dé sẹ́kọ́ńdìrì, síbẹ̀ ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi tí kò gbọ́rọ̀ fi jókòó ti màmá wa ní ìsọ̀ ká tó rí ibi tó gbà á.

Ọmọ Òkè-Àdó (Leeds)
Olúwa á bù kún yín. Mo ti fi ímeèlì náà ránṣẹ́ o. Yúnífọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́, ṣé kí n gbé e pamọ́ ni?

Ìyá Ìbejì (Manchester)
Má gbé e pamọ́. Jẹ́ kó wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jọ rìn lọ sí láíbìrì ní aago mẹ́sàn-án. Ya àwòrán ohun tẹ́ ẹ máa ṣe láàárọ̀ sórí páálí kan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà tó máa ń dúró sí yẹn, kó lè máa rí i.