Bàtà wo ni kì í yọ̀ lórí òkúta etí òkun?

Mo kí yín o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi fẹ́ gùn díẹ̀.

Orí àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n fi dá ìgbì dúró ní Tarkwa Bay l'Ékòó ni mo ti máa ń ju ìwọ̀. Bí omi bá ti fà, ohun aláwọ̀ ewé tó bo òkúta náà á máa yọ̀ bí ilá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi orúnkún gúnlẹ̀, ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ òkúta sì ya mí lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí, nítorí àlàfo tó wà níbẹ̀ jìn gan-an.

Sílípáàsì kò ṣeé dán wò mọ́. Bàtà òjò sàn díẹ̀, àmọ́ bí omi bá kún inú rẹ̀, ó máa ń wúwo lẹ́sẹ̀ èèyàn. Bàtà bọ́ọ̀lù ló burú jù: eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, kò di òkúta mú rárá.

Mo wá rí méjì lọ́jà òkìrìkà. Ìsàlẹ̀ ọ̀kan jẹ́ aṣọ tó nípọn bíi kápẹ́ẹ̀tì. Èkejì jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó ní ìṣó kéékèèké. Owó ọ̀kan péré ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo irú wọn rí, èwo ni kí n rà?

Ẹ ṣé o, mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.