Ẹ Má Tíì Pa Zone DNS Yẹn Rẹ́: Ẹ Wá Sọ Ohun Tí Ojú Yín Rí

Ará Sábó, Yábàá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti pa zone DNS rẹ́ rí (ìyẹn ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ibo ni ìkànnì àti ìmeèlì orúkọ kan wà), tàbí tí wọ́n pè pé kó wá tún èyí tí ẹlòmíì pa rẹ́ ṣe, kó wá sọ tiẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní Balógun ni oníbàárà wa. Wọ́n ní ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń ra léèsì, àwọn ará òkè òkun náà sì máa ń fi ìmeèlì béèrè ọjà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ bá wọn ṣe iṣẹ́ náà ti rìnrìn àjò, àkáǹtì cloud nìkan ló fi sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí a wọ inú Route 53, ibi tí Amazon ń tọ́jú zone sí, zone méjì la bá, orúkọ domain (orúkọ ìkànnì) kan náà ló sì wà lára méjèèjì. Kí ó má yà yín lẹ́nu, ó ṣeé ṣe níbẹ̀. Ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ: A àti CNAME tó ń tọ́ka sí ibi tí ìkànnì wà, MX tó ń sọ ibi tí ìmeèlì ń lọ, TXT tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí, gbogbo ẹ̀ pé. Èkejì kò ju ìlà bíi mélòó kan lọ. Ọmọ Alhaja tó ń bójú tó owó tí wọ́n ń san lóṣooṣù ní kí a pa kékeré yẹn rẹ́, pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Mo ní kó dákun, kó ní sùúrù. Bí àkọsílẹ̀ ṣe pọ̀ tó kọ́ là ń wò. Zone kọ̀ọ̀kan ni Route 53 ń fún ní nameserver mẹ́rin tiẹ̀ (àwọn sáfà tó ń dáhùn fún zone náà), ti zone kan kì í sì í bá ti èkejì mu. Àwọn sáfà tó ń bójú tó .com ló mọ èyí tí gbogbo ayé ń lò, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń béèrè pé ta ló ni domain yìí. Mo tẹ dig, àṣẹ tí a fi ń béèrè DNS, mo fi +trace kún un kó lè tọ ọ̀nà náà láti òkè wá, mo kọ orúkọ domain náà sí i. Nígbà tí èsì jáde, mo ka nameserver mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, ọmọ Alhaja ń wò ó lójú ìwé zone méjèèjì, nọ́ńbà sí nọ́ńbà, nítorí pé awsdns ni gbogbo wọn ń jẹ́, nọ́ńbà tó wà láàárín ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Zone kékeré yẹn ló bá a mu! Òun ni gbogbo òǹrajà ń gbà wọlé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ zone ńlá yẹn. Ó jọ pé ẹni tó rìnrìn àjò ń tò ó sílẹ̀ lọ́wọ́ ni, kò sì parí ẹ̀.

Ká ní a ti pa kékeré rẹ́ ni, kò sí bọ́tìnì tá a máa tẹ̀ tó máa dá a padà. Bí a bá tún dá zone tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yẹn gan-an, nameserver mẹ́rin mìíràn ni Amazon máa fún un. A ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá padà lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ra domain láti lọ yí i, ta ló sì mọ páásìwọọ̀dù rẹ̀ nínú wọn?

Zone ńlá la pa rẹ́ nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí a ti kọ gbogbo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀ sínú fáìlì. Amazon kì í jẹ́ kí ẹ pa zone rẹ́ títí dìgbà tó bá ku NS (tó ń dárúkọ nameserver) àti SOA (tó ń sọ nípa zone fúnra ẹ̀) nìkan nínú ẹ̀. Àwọn kan máa ń ráhùn sí èyí. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, nítorí pé bí èèyàn ṣe ń yọ MX tó ń yọ TXT lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ẹ̀ á rí ohun tó ń parun.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Sùúrùlérè:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pa á rẹ́ kí wọ́n tó pè mí.

Ilé-ìwé kan ládùúgbò wa gbé ìkànnì wọn lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ìkànnì tuntun ń ṣí dáadáa, ni ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ bá ní zone àtijọ́ ti di asán, ó sì pa á rẹ́. Ohun tí kò wò ni pé zone àtijọ́ yẹn náà ló ń dáhùn fún ìkànnì tuntun. Àkọsílẹ̀ A nìkan ni wọ́n yí nínú ẹ̀ kí ó máa tọ́ka sí sáfà tuntun. Nameserver kò kúrò níbi tó wà. Inú ẹ̀ náà ni MX wà, àti TXT tó ń jẹ́rìí fáwọn tó ń gba ìmeèlì pé ilé-ìwé yẹn ló fi í ránṣẹ́ lóòótọ́.

Ohun tó kó ìdààmú bá gbogbo wa ni pé kò bà jẹ́ fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣí lórí fóònù ọ̀gá àgbà, kò ṣí lórí ti akọ̀wé tó jókòó tì wọ́n. Àsìkò TTL, iye àsìkò tí wọ́n lè fi tọ́jú ìdáhùn kan, ló fà á: ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ti béèrè láìpẹ́ ṣì ń lo ìdáhùn àtijọ́, títí àsìkò yẹn á fi pé. Ọ̀gá àgbà ní irọ́ ni à ń pa, ìkànnì wà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn òbí ti ń pè pé ìmeèlì àwọn ń padà bọ̀.

A dá zone tuntun, a ń ṣa àkọsílẹ̀ jọ láti inú ìmeèlì àtijọ́ àti ìwé owó. A yí nameserver. Ṣùgbọ́n TTL nameserver lọ́dọ̀ .com jẹ́ 172,800 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ọjọ́ méjì gbáko. Kò sí bí a ṣe lè bẹ̀ ẹ́ kó yá. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé bí wọ́n bá kọ àwọn àkọsílẹ̀ yẹn sínú fáìlì kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni ṣíṣà yẹn ì bá jẹ́.

Ará Ìkẹjà:

Kúkúrú ni tèmi. Bí ẹ bá ti tan DNSSEC (àmì tó ń jẹ́rìí pé ìdáhùn DNS kì í ṣe ayédèrú), ẹ kọ́kọ́ yọ DS, àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún gbogbo ayé pé àmì yẹn wà, kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti ra domain. Ẹ dúró kí TTL DS tán, ọjọ́ kan ni fún .com, kí ẹ tó fọwọ́ kan nameserver tàbí zone. Oníbàárà mi kan gbé domain rẹ̀ lọ síbi tí kò sí DNSSEC, DS ṣì wà lókè. Zone tuntun pé pérépéré, síbẹ̀ SERVFAIL (ìyẹn pé ìdáhùn kùnà) ni 8.8.8.8 ti Google àti 1.1.1.1 ti Cloudflare, àwọn sáfà tó ń bá èèyàn béèrè DNS, ń dá padà, nítorí pé àwọn méjèèjì máa ń yẹ àmì wò. Nẹ́tíwọ̀kì tí kì í yẹ̀ ẹ́ wò ń ṣí i láìsí wàhálà.

Obìnrin Marina, Èkó:

Mo ń ka gbogbo ẹ̀ láti Broad Street níbí, ẹ kò tíì mẹ́nu ba èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù, ìyẹn NS tí èèyàn gbàgbé sẹ́yìn.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n dá zone ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ìpolówó ọdún, lábẹ́ domain wa. Nígbà tí ìpolówó parí, wọ́n pa zone yẹn rẹ́ kí owó má bàa máa lọ. Ṣùgbọ́n NS tó ń tọ́ka sí i ṣì wà nínú domain ńlá. Nígbà tó yá, àjèjì kan lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ cloud kan náà, ó dá zone orúkọ yẹn sílẹ̀ títí ó fi bọ́ sórí nameserver tí NS wa ń tọ́ka sí. Ojú ìwé tẹ́tẹ́ ló gbé síbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó fi pátákó orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lókè ilẹ̀kùn.

NS ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, zone ló máa kẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ Azure, cloud ti Microsoft, lẹ ń lò, ẹ kíyè sára: ti Azure kì í ní kí ẹ kọ́kọ́ tú u sófo, bí zone bá lọ, gbogbo àkọsílẹ̀ bá a lọ. Àgádágodo tí wọ́n ń pè ní CanNotDelete wà níbẹ̀, tí kì í jẹ́ kí wọ́n pa nǹkan rẹ́, ẹ fi sórí gbogbo zone tó ń ṣiṣẹ́.

Àlejò, Èbúté Mẹ́ta:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ Ajé yìí ni mo yí nameserver kúrò ní Route 53. Ṣé mo lè pa zone àtijọ́ rẹ́ lálẹ́ òní? Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gba owó mi lásán.

Ará Sábó, Yábàá:

Àbúrò, àádọ́ta sẹ́ǹtì lóṣù ni zone kan, Amazon kì í sì í pín in sí ọjọ́. Bí o pa á lálẹ́ òní, bí o pa á lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, iye kan náà lo máa san. Fi dig béèrè NS lọ́wọ́ 8.8.8.8 àti 1.1.1.1, kí o gbé èsì wá síbí.

Àlejò, Èbúté Mẹ́ta:

1.1.1.1 ti ń sọ ti tuntun. 8.8.8.8 ṣì ń sọ awsdns.

Ará Sábó, Yábàá:

Má fọwọ́ kàn án nìyẹn. Tan àkọsílẹ̀ ìbéèrè sórí zone yẹn, kí o lè máa rí ẹni tó ṣì ń wá síbẹ̀ àti ohun tó ń béèrè. Bí o bá rí i tí ẹnì kan ń béèrè orúkọ kan tí kò sí nínú zone tuntun, gbé e lọ síbẹ̀ kíákíá. Tún padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, ká jọ wò ó.