Mẹ́tàlì kì í ṣe irin: èsì mi sí "orin irin wúwo"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i. Iná ń ṣe ségesège ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí láti ọ̀sẹ̀ méjì, bí iná bá sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àńpù (ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá) tó jóná ló máa ń kún ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu ọ̀nà.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbẹ̀: àbúrò wa kan ló ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ nípa Ozzy Osbourne, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025. Ó bi wá pé kí ni ká pe "heavy metal", irú orin rọ́ọ̀kì tí gìtá ti ń pariwo gan-an, ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀yọ́ ní "orin irin wúwo". Ìyá wa olùkọ́ ní "orin òjé", nítorí òjé wúwo ju irin lọ. Ẹnì kan ní ká kúkú pè é ní "orin Ògún" ká lọ sùn. Ẹlòmíràn ní kò yẹ ká fún un lórúkọ rárá, pé orin èṣù ni.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n ohun tí a ń túmọ̀ láti ọjọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ méjì tí Òyìnbó so pọ̀. A kò tíì túmọ̀ ohun tí etí ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú "wúwo" ná. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé orin kan wúwo, Haruna Ishola ló máa bọ́ sí i lọ́kàn: orin tí òwe pọ̀ nínú rẹ̀, tí àgbà ń jókòó gbọ́, tó ń mi orí sí i. Ọ̀rọ̀ ló ń wúwo lẹ́nu Yorùbá. Ohùn kì í wúwo, bíbú ni ohùn ń bú. Kìnnìún ń bú, àgbà ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, a ní ohùn rẹ̀ bú. "Orin irin" náà ńkọ́? Agogo ni irin tó ń kọrin nílé wa. Ẹ sọ "orin irin" fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, agogo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri.

Òjé ti Ìyá wa dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Òjé wà nínú orúkọ Led Zeppelin, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Àwàdà ni wọ́n fi sọ ara wọn bẹ́ẹ̀, pé ẹgbẹ́ náà yóò já lulẹ̀ bíi bàlúù tí wọ́n fi òjé rọ. Wọ́n wá yọ lẹ́tà kan kúrò nínú "lead" kí àwọn èèyàn má baà pè é ní òdì. Ṣùgbọ́n, Ìyá wa, ta ló ń wọ òjé sọ́wọ́ nílẹ̀ yìí? Àwọn olórìṣà Ọbàtálá ni. Òjé, ẹfun, aṣọ àlà, omi tútù. Ṣé òrìṣà tí a mọ̀ mọ́ ìdákẹ́jẹ́ la fẹ́ fi nǹkan ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sọ orin tó ń mú kí ife máa jó lórí tábìlì? Ẹni tí kò bá tún fi àmì sí i, "orin ọ̀jẹ̀" ni yóò kà, a ó sì di eléégún lójijì.

Ti "orin Ògún" kò ní pẹ́: ìjálá ni. Orúkọ náà ti lọ́kọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹnì kan sọ sílẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀, pé ká pe "rock" ní "orin àpáta". Áà! "Rock" tó wà nínú "rock and roll" kò mọ àpáta rí. Kí nǹkan máa mì síwá sẹ́yìn ni, bí ìgbà tí omi ń mi ọkọ̀. Ìkejì rẹ̀ ni kó máa yí. Ara àwọn tó ń jó ni wọ́n ń sọ. Bí a bá kọ "orin àpáta" sínú ìwé, ọmọ wa yóò máa wá òkúta nínú orin tí kò sí òkúta níbẹ̀.

Ní tèmi, orúkọ irú orin kò nílò ìtumọ̀. Síkírù Àyìndé Barrister fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú, ló fún òun ní orúkọ fújì. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀. Kò sí ajíwéré kan tó dìde pé kí ló kan òkè Japan kan orin sààrì. Fújì di tiwa nítorí pé à ń jó o. Ẹ jẹ́ kí rọ́ọ̀kì jẹ́ rọ́ọ̀kì, kí hard rock jẹ́ rọ́ọ̀kì líle (àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé "orin yìí le!" tẹ́lẹ̀, ó bọ́ sí i), kí heavy metal sì jẹ́ mẹ́tàlì. Mo rí ẹni tó kọ "mẹ́tà". Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ó sún mọ́ mẹ́ta jù, ó sì sún mọ́ mítà iná, mítà iná ti fún wa ní wàhálà tó.

Ibi tó yẹ ká ti rọ ọ̀rọ̀ tuntun ni inú iṣẹ́ orin náà: bí gìtá ṣe ń dún àti ohun tó ń ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá onídùndún kan gbé sípíkà wá, èyí tí wọ́n fi ń lọ òde ìyàwó. Bébà rẹ̀ ti ya láti etí dé àárín. Mo ń dán àńpù kan wò lọ́wọ́, orin tó ṣíwájú nínú àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath, ẹgbẹ́ tí Ozzy ń kọrin fún, ni mo sì fi ń dán an wò, àwo tó jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1970. Òjò ló bẹ̀rẹ̀ orin náà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù lókèèrè, àrá sán. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kábíyèsí o!" Lẹ́yìn náà ni gìtá já wọlé. Bàbá wo sípíkà mi, ó wo tirẹ̀ tó wà lábẹ́ abíyá, ó ní, "Ọmọ mi, tìrẹ náà ti ya ni?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó dún nìyẹn."

"Wọ́n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" Ó jókòó sórí àpótí, ó gbọ́ ọ títí ó fi parí, kò sọ nǹkan kan. Ó wá ní, "Ó dà bíi ṣaworo tí a so mọ́ ìyáàlù. Bí ìyáàlù bá dún lásán láìsí ṣaworo, ìhòòhò ló wà."

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ tí a ti ń jà lé lórí láti ìgbà yìí ni Bàbá sọ tán lórí àpótí. A ti ní etí fún ohùn yìí tipẹ́. Ohùn tó mọ́ gaara kọ́ ni Yorùbá ń fẹ́ lára ìlù, ó ń fẹ́ kí nǹkan máa ró bíi ṣaworo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, "distortion" tí àwọn kan pè ní "ìbàjẹ́ ohùn" tàbí "ìdàrú ohùn". Àńpù ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí o bá fún un ní ohùn tó ju agbára rẹ̀ lọ, kò lè gbé ìgbì ohùn náà jáde tán. Yóò gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ibi tó gé yẹn ni ohùn mìíràn ti ń hù jáde, tó ń ha, tó ń kùn. (Ìtàn ìlú wa ni pé Ògúnlọlá gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ó gbé e lọ fún Aláàfin, òun ni Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó di Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ìlú yìí kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ nípa orí gígé lọ́dọ̀ àńpù.) Ní 1964, Dave Davies, onígìtá ẹgbẹ́ Kinks, fi abẹ ya bébà sípíkà àńpù rẹ̀ kékeré, ohùn tó jáde níbẹ̀ ló kó wọ ilé gbígbasílẹ̀ lọ. Onílù ni Jim Marshall náà, ìlù ló ń tà ní London kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àńpù ní 1962; àwọn onígìtá ló ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó ṣe èyí tó tún pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. A mọ òwe yẹn. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n dì í mú ní ìrù: wọ́n ya á kó lè dún. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni àdúnya. Gìtá àdúnya, ẹ̀rọ àdúnya, "ó fi àdúnya sí i". Ìlà rẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú àdúnjù, etí kò ní ṣàjèjì sí i. Sípíkà tó bàjẹ́ ní tirẹ̀, "ó ń ha" la máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù, ká jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń ha, wọ́n á gbé e wá fún mi. Èyí tó ní àdúnya, wọ́n sanwó kó lè rí bẹ́ẹ̀.

Bíbú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ibi tó ti wá. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi, onígìtá Black Sabbath, ní Birmingham, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé páànù irin. Ọjọ́ tó kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gbé àwo Django Reinhardt wá fún un, ẹni tí iná jó lọ́wọ́ tó ń fi ìka méjì ta gìtá lọ. Iommi yọ́ ike ọṣẹ ìfọwo, ó fi mọ fìlà fún ìka náà, ó fi awọ bò ó. Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń lò, nígbà tó sì di àwo kẹta wọn ní 1971, ó ti dẹ okùn náà sísàlẹ̀ kó má baà ni ín lára. Ẹni tó bá ti di dùndún mọ́ra rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: dẹ ọsán, kí ohùn wálẹ̀. Kì í ṣe irin ló wúwo níbẹ̀ o. Okùn ló dẹ̀.

"Riff" ló kàn. Ẹnì kan pè é ní ègbè. Ègbè wà lẹ́nu elégbè. Èyí wà lọ́wọ́ onígìtá. Ẹyọ ohùn kúkúrú kan ni, tí wọ́n ń ta lọ ta bọ̀, tí orin yòókù ń gùn lé lórí, bí gúdúgúdú ṣe ń sọ ohun kan náà láti àárọ̀ títí ìyáàlù fi sọ̀rọ̀ tán. A ní àwítúnwí. Ẹ jẹ́ ká ní àtatúnta, nítorí títa la ń ta gìtá. (Àtàtúntà jẹ́ ti àwọn oníṣòwò, ẹ fàmì sí i dáadáa.) Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ àtatúnta kan ṣoṣo, ẹ gbọ́ èyí tí ẹgbẹ́ Deep Purple fi bẹ̀rẹ̀ "Smoke on the Water", orin wọn nípa iná tó jó ilé ìtàgé Montreux ní Switzerland lójú wọn ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1971. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí, nígbà tí ọmọ onígìtá rò pé kò sẹ́ni tó tíì dé fún ìdánrawò.

Sí ẹni tó ní orin èṣù ni. Geezer Butler, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà, ló kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orin Sabbath, nínú àwo wọn kejì ní 1970 ni orin tó bú àwọn ológun tó ń rán ọmọ tálákà lọ kú wà. Òótọ́ ni pé Ozzy gé orí àdán jẹ lórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kìíní 1982. Ó ní ike lòun pè é. Mo ti sọ ti orí gígé àti ìlú wa, n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin yẹn kan náà ló jókòó sórí ìtẹ́ ní Birmingham ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 2025, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ó kọrin fún ará ìlú rẹ̀, ọjọ́ 17 lẹ́yìn náà ó lọ.

Ẹ má sì pè é ní ti òkèèrè nìkan. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream tí rọ́ọ̀kì líle gbà bíi baba, lùlù pẹ̀lú Fẹlá nínú àwo 1971, ó tún kọ́ ilé gbígbasílẹ̀ sí Èkó. Láolú Akins àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì nínú BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ wa, gbé àwo jáde ní 1973. Ẹ lọ gbọ́ gìtá Berkely Jones níbẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi pé àdúnya kò tíì dé ilẹ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n ará Ọ̀yọ́, ọ̀kan nínú tiyín ni mo gbà pátápátá: ohùn tó ń kùn láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ti àwọn mẹ́tàlì tó le jù, tí ẹ pè ní "ohùn ará ọ̀run". Ẹni tó bá ti gbọ́ egúngún sọ̀rọ̀ kò tún ní béèrè àlàyé.

Àbúrò, bí èmi ni mo ń kọ ọ́, gbólóhùn rẹ yóò rí báyìí: "Àtatúnta Iommi kì í yára, ó bú, àdúnya rẹ̀ sì kún ilé." Kò sí irin, kò sí òjé níbẹ̀. Ó ku "headbanging", mímirí tí àwọn olólùfẹ́ mẹ́tàlì máa ń ṣe títí ọrùn á fi máa dùn wọ́n. N kò fẹ́ mímirí, ó jọ ti ẹni tó ń gbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Bàbá onídùndún ní àwọn oníjó bàtá ní orúkọ fún un, òun sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lẹ bébà sípíkà òun ná.